Iyùn Méje Nínú Àpótí Dígí

Jímọ̀, 6 Oṣù Kejìlá 2024

Omi òjò tán pátápátá lónìí. Mo dojú àgbá tó kẹ́yìn dé, ewé gbígbẹ àti ìdin ẹ̀fọn ló jáde. Ẹ̀rọ tí mo fi ń sẹ́ omi ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, asẹ́ inú rẹ̀ ti ya, Fàtímátù ọmọ mi sì ní ilẹ̀ Faransé ni òmíràn ti máa wá, ó di oṣù kẹta. Omi kànga wa pupa. Bí mo bá bù ú sínú àpótí dígí tí mo ti ń tọ́jú iyùn òkun tó wà láàyè, èéhù á bo gbogbo wọn kí ọ̀sẹ̀ tó yípo.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Fádèyí ọ̀rẹ́ mi dé láti Massè, ó so bídọ̀n ogún lítà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Mo ti ráhùn fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó ní, "Sùlè, ṣé omi tí kò ní nǹkan kan nínú lo ń wá? Iṣẹ́ mi nìyẹn." Ìkòkò tó fi ń sè sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, ló fi sè é. Dípò ẹmu, omi lásán ló dà sínú rẹ̀, ó dáná sí i, ooru omi gba inú ọ̀pá kọjá, ó tutù, ó sì ń kán sínú bídọ̀n láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Mo ti ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi bọ̀ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ka òdo. Òun ni omi tó mọ́ jù tí mo rí láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ìtọ́jú iyùn sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Abidjan. Inú mi dùn débi pé mo gbá ọkùnrin náà mọ́ra, ó sì ní kí n fi òun sílẹ̀, pé òógùn ti bo òun.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ya. Omi àpótí ń gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń lọ sí lítà mẹ́ta lójúmọ́; iyọ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, nítorí náà omi Fádèyí tí kò ní iyọ̀ ni mo ń bù lé e. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó là, bátìrì sólà ló gbé pọ́ǹpù dúró.

Fàtímátù pè, ó tún gbé ọ̀rọ̀ Kútọnu dé. "Bàbá, ọdún mẹ́fà ni hòtẹ́ẹ̀lì Abidjan ti ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ṣì ń tọ́jú iyùn wọn. Màmá ti lọ. Yàrá yín wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi." Mo ní iyùn kò ṣeé gbé gba ojú ọ̀nà náà. Ó wá ní, "Tí wọ́n bá kú ńkọ́?"

Mo ní tí wọ́n bá kú, mo ń bọ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ọmọ yìí jọ ìyá rẹ̀, kì í gbàgbé ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nígbà tó pa fóònù, mo lọ kà wọ́n. Méje pé.

Jímọ̀, 20 Oṣù Kejìlá

Bídọ̀n kẹta. Fádèyí ń ṣìkẹ́ omi yìí ju sódàbì rẹ̀ lọ. Ó ní kí òun tó sè é, òun a kọ́kọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ inú ọ̀pá náà títí á fi dán, kí òórùn ọtí má baà wọ ilé Mùsùlùmí. Mo rẹ́rìn-ín. Láti iléèwé Ikpinlè la ti mọra, ó lé ní àádọ́ta ọdún. Mi ò fẹnu kan ohun tó ń sè rí, kò sì fi lọ̀ mí rí.

Ó jókòó sórí àga Sàlímá níwájú àpótí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ẹnikẹ́ni kì í jókòó níbẹ̀, èmi gan-an kì í jókòó níbẹ̀, àmọ́ mo jẹ́ kó jókòó. Ó nàka sí Onírun, èyí tí apá rẹ̀ gùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi, ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń rí iyùn lọ́rùn àwọn olorì. Mi ò mọ̀ pé ó ń jẹun." Mo fún un ní edé lílọ̀ kó fi bọ́ ọ. Onírun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ká apá mọ́ ọn. Fádèyí pariwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí àga. Sàlímá ì bá ti rẹ́rìn-ín kú.

Ajé, 23 Oṣù Kejìlá

Ẹni tó ń ta búrẹ́dì nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lónìí. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, ẹ fún mi ní ẹyọ kan." Òun náà ní, "Ẹ kú àárọ̀."

Àìkú, 29 Oṣù Kejìlá

Ìgbín òkun méjì kú nínú àpótí, lára àwọn tó ń jẹ èéhù ara dígí. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kìíní 2025

Ìgbín márùn-ún mìíràn. Gbogbo edé ti sá sábẹ́ òkúta, mo rí ọ̀kan tó dojú bolẹ̀. Èyí kì í ṣe ọjọ́ ogbó.

Onírun kò na apá rẹ̀ láti àná. Ó ká jọ, ó kéré, bí ọwọ́ ẹni tí òtútù mú. Mo wọn iyọ̀, ó pé. Ìgbóná omi jẹ́ 27. Mo wọn ohun gbogbo tí mo mọ̀ ọ́n wọn, kò sí èyí tó burú. Àwọn ẹja tiẹ̀ ń sáré kiri, wọ́n ń jẹun dáadáa.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kìíní

Mo rò pé ooru ọ̀sán ni. Mo ṣí orí àpótí, mo gbé fáànù kọjú sí i. Ó já sí 25. Kò sí ìyàtọ̀. Mo tún rò pé iná tó ń tàn sí wọn ti le jù, mo dín in kù. Kò sí ìyàtọ̀. Oníka, iyùn tó ní ẹ̀ka bí ìka ọwọ́, ti ń funfun láti ìdí, ẹran ara rẹ̀ ń fà sókè, egungun ń yọ.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kìíní

Akínbáyọ̀ gbé omi òkun dé láti Sèmè, bídọ̀n mẹ́rin, bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù tí takisí rẹ̀ bá ń bọ̀ láti Kútọnu. Mo ti fi òru mélòó kan ronú pé omi òkun náà ló ní àrùn. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ̀bá ọ̀nà ló ti bù ú, níbi tí gọ́tà ti ń ṣàn wọ òkun, pé ọ̀lẹ kò jẹ́ kó rìn dé ibi tí mo fi hàn án.

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, mo wọ omi dé àyà. Ẹ wo ṣòkòtò mi." Ṣòkòtò náà tutù lóòótọ́, iyọ̀ ti gbẹ funfun sí i létí. Ojú mi rí i, ẹnu mi kò dákẹ́. Mo ní bóyá inú gọ́tà ló ti tutù.

Ó gbé bídọ̀n mẹ́rin náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí n wá ẹlòmíràn. Ó tó ọmọ mi. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

Jímọ̀, 17 Oṣù Kìíní

Mi ò lo omi Akínbáyọ̀. Síbẹ̀ nǹkan ń burú sí i. Kò sí ìgbín kan ṣoṣo mọ́.

Fádèyí dé. Ó rí Oníka, ó sì bọ́ fìlà. "Kí ló ṣe é?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ronú, ó ní ọyẹ́ ló ń gbẹ wọ́n, pé òun mọ bó ṣe máa ń ṣe ọ̀pẹ. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bídọ̀n méjì ni òun á máa gbé wá. Mo ní, "Wàhálà náà á pọ̀ jù fún ọ." Ó ní, "Wàhálà wo? Ṣé kí wọ́n kú ni?"

Ó pẹ́ lọ́dọ̀ mi lónìí. Ara tù mí díẹ̀ pé ẹnìkan ń bá mi wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kìíní

Oníka kú. Aláwọ̀-ewé kú tẹ̀ lé e ní ọ̀sán. Ó ku márùn-ún.

Fàtímátù béèrè, mi ò lè purọ́. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Lẹ́yìn náà ló ní òun máa ní kí wọ́n kun yàrá náà. Mi ò bínú sí i. Mo kàn ń wo ògiri ilé yìí tí èmi àti Sàlímá jọ kùn.

Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kìíní

Mo borí ìtìjú, mo pe Wàsíù tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Abidjan. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ọwọ́ mi kò ká a mọ́. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló bi mí.

"Ọ̀gá, kí ló kọ́kọ́ kú?"

"Ìgbín."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Edé."

"Ẹja ńkọ́?"

"Ó ń jẹun bí ẹni tí kò sí nǹkan."

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bàbà ló wà nínú omi yẹn, ẹja nìkan ló ń fara dà á." Mo ní kò sí bàbà nílé mi. Ó ní kí n wá a, ó wà níbẹ̀.

Mo pa pọ́ǹpù, mo tú gbogbo rẹ̀. Mo yẹ wáyà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti ọwọ́ bọ yanrìn ìsàlẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, bóyá owó idẹ tàbí ẹ̀gbà kan ti já sí i. Mo rí yẹtí Sàlímá, góòlù gidi ni, ó ti wá a títí kó tó kú. Mi ò rí bàbà.

Jímọ̀, 7 Oṣù Kejì

Fádèyí kò wá. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi wọ̀. Olólú, iyùn tó rí bí olú, pàápàá ti kú. Ó ku mẹ́rin, omi bídọ̀n sì ti tán.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì

Mo gun zẹ́míjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Massè pẹ̀lú bídọ̀n òfìfo méjì. Ibà ló mú Fádèyí, ó ti ń san. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé ibi tó ti ń sè, ó fi aṣọ bo èjìká. Nígbà tó rí bídọ̀n lọ́wọ́ mi, ó dìde. Mo ní kó jókòó, ó kọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí omi wọ́n fún àwọn iyùn mi.

Ó gbé abọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún un sínú ọ̀pá, ó da omi tẹ̀ lé e, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ sókè sódò bó ṣe máa ń ṣe. Omi tó kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ ewé. Ó da ìyẹn nù sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e mọ́. Ọ̀pá náà wá ń dán, ó pupa, ó rẹwà.

Bàbà ni. Mo ti ń rí ọ̀pá yẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń lò ó. Gbogbo ẹni tó ń sè sódàbì ní agbègbè yìí ló ní irú rẹ̀. Èmi tí mo tú gbogbo ilé mi kò rántí ọ̀pá kan tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Bó bá ṣe ń fi ọsàn kíkan fọ̀ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni bàbà ń yọ́ wọ omi tó.

Mo dúró tì í títí bídọ̀n fi kún. Ó ń gbọ̀n nítorí ibà, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé omi náà wálé.

Àìkú, 9 Oṣù Kejì

Mo rí oògùn ìdánwò bàbà ìgbà Abidjan nínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, mo lò ó bẹ́ẹ̀. Omi kànga: kò yí àwọ̀ padà. Omi àpótí: ó yí díẹ̀. Omi Fádèyí: ó yí lójú ẹsẹ̀.

Mi ò lè jẹun.

Ajé, 10 Oṣù Kejì

Kò sí ọ̀nà mìíràn: kí n da ìlàjì omi nù, kí n fi omi òkun tuntun rọ́pò rẹ̀, kí n tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì àti lọ́sẹ̀ kẹta. Akínbáyọ̀ nìkan ló sì lè bá mi bu omi òkun wá.

Mo bá a ní ibùdó ọkọ̀, láàárín àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní níṣojú gbogbo wọn ni màá ti bẹ̀ ẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ó ti sọ fún wọn. Mo ní, "Akínbáyọ̀, mo fẹ̀sùn èké kàn ọ́. Omi rẹ mọ́. Èmi ni mo ní ẹ̀bi." Ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín. Akínbáyọ̀ ní, "Bàbá, bídọ̀n mélòó lẹ fẹ́?" Mo ní méjìlá. Ó ní ṣòkòtò òun á tún tutù nìyẹn.

Jímọ̀, 14 Oṣù Kejì

Fádèyí dé pẹ̀lú bídọ̀n méjì. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ó gbé wọn wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ara rẹ̀ kò tíì yá tán. Ó ní, "Mo fọ ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí tìẹ." Mo gba omi náà, mo sì dúpẹ́.

Nígbà tó lọ, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo dà á sídìí ìbẹ́pẹ.

Jímọ̀, 21 Oṣù Kejì

Mo tún dà á sídìí ìbẹ́pẹ. Omi inú ìgò ni mo ń rà báyìí fún iyùn. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mi ò níí tan ara mi. Bí mo bá sọ fún un, omi á tán. Bí omi bá tán, kí ló máa gbé e wá síbí?

Jímọ̀, 28 Oṣù Kejì

Wọ́n ní àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mi ò lè gbé irọ́ yìí wọ inú àwẹ̀.

Mo sọ fún Fádèyí kó tó jókòó. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré.

"Ọ̀pá yẹn? Ọ̀pá bàbá mi?"

"Kì í pa èèyàn, Fádèyí. Ìgbín àti iyùn ni kò lè gbà á."

"Èmi ni mo pa wọ́n."

"Ìwọ kọ́. Èmi ló yẹ kí n mọ̀, iṣẹ́ mi ni."

Ó ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú rẹ̀ yí padà níbẹ̀, kì í ṣe níbi ọ̀rọ̀ bàbà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi tí mo fi ibà sè ńkọ́?" Ó wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé, ilẹ̀ ìdí ìbẹ́pẹ tutù rin nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. Ó rí i.

Ó so bídọ̀n rẹ̀ padà mọ́ alùpùpù pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, ó sì lọ.

Jímọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Kò wá.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Mo gbé gbogbo àgbá síta. Búrẹ́dì àti tíì ni mo fi ṣínu. Fàtímátù pè, ó béèrè iye tó kù. Mo ní mẹ́rin ṣì wà.

Jímọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Kò wá. Asẹ́ ti dé láti ilẹ̀ Faransé, mo fi í sínú ẹ̀rọ. Mo ti fi omi òkun Akínbáyọ̀ rọ́pò ìlàjì omi lẹ́ẹ̀mẹta; mo tún ìdánwò ṣe lórí omi àpótí, kò yí àwọ̀ padà mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Lẹ́yìn sààrì, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Onírun na apá rẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì, gbogbo rẹ̀ ló nà, ó gùn, ó ń fẹ́ nínú omi. Mo pariwo "Alihamudulilahi" débi pé adìẹ aládùúgbò sá. Mo yíjú láti fi hàn án. Mi ò mọ ẹni tí mo yíjú sí. Yàrá náà ṣófo.

Mo pe Fàtímátù. Mo ní wọn ò níí kú mọ́. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá." Ó wá ní, "Nítorí náà, ẹ ò bọ̀ mọ́." Mo ní mi ò bọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn, tèmi náà kò dùn. Mo ti gba ohun tí mò ń jà fún. Mo jókòó tì í títí di ìrun Àílà, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí Massè. Fádèyí ń koná mọ́ ìkòkò, òórùn ọtí gba gbogbo ibẹ̀, èmi aláàwẹ̀ fi agbádá bo imú. Kò kí mi. Mo jókòó lórí ìtì ọ̀pẹ.

Ó ti igi kan sínú iná, ó ní, "Wọ́n kú tán?"

"Mẹ́rin wà. Onírun ti nà."

Ó dáwọ́ iná dúró. "Gbogbo apá rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Mo ní, "Mo ṣe ohun tí kò dáa. Ó yẹ kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀rù ló bà mí pé o ò níí wá mọ́." Ó ní òun ti bínú, òun sì ti bínú tán láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò wá, nígbà náà?"

Ó tẹjú mọ́ iná. Ó ní, "Sùlè, ẹmu ni mo ní. Sódàbì ni mo ní. O ò níí mu ìkankan nínú wọn. Láti ìgbà tí Àdùkẹ́ ìyàwó mi ti kọ̀ mí sílẹ̀, ilé rẹ nìkan ni mò ń lọ. Omi yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rí gbé wọlé rẹ. Kí ni kí n tún gbé dání tí màá fi wá jókòó?"

Mi ò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo dá wà. Mo ní kó máa bọ̀ lásán. Ó ní ojú á ti òun. Mo ní kó jẹ́ kó tì í.

Jímọ̀, 28 Oṣù Kẹta

Nígbà tí mo dé láti mọ́sáláṣí, mo gbọ́ ìró alùpùpù. Fádèyí ni. Kò so nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé ọwọ́ sápò, ó ń yọ ọ́, kò mọ ibi tó máa fi í sí.

Mo ní kó wọlé.